Láti Ènì Dé Owó Omi: Àgbéyẹ̀wò Títọrọ Lọ́wọ́ Oníbàárà

Ní ọjọ́ ọjà ní Òtù, ìlú tó jẹ́ olú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn, ìyá elélùbọ́ kì í fi ọwọ́ gé orí kóńgò. Yóò bu èlùbọ́ kún un, yóò tún bù ú lé e lórí títí yóò fi ga ṣóńṣó, yóò wá dà á sínú ọ̀rá. Ìgbà yẹn ni oníbàárà yóò sọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ kó tó mọ owó í kà: "Ẹ fi ènì sí i." Ìyá lè kọ́kọ́ yarí. Ó lè ní ọjà ti wọ́n, pé iṣu ò ta dáadáa lọ́dún yìí, pé owó ọkọ̀ ti gòkè. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rojọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú igbá. Yóò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, oníbàárà yóò dúpẹ́, ìyá yóò sì ní kó má gbàgbé ibi tó ti rà á.

Oníbàárà yẹn kan náà lè kúrò nídìí èlùbọ́, kó yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta jẹ́sì, bọ́ọ̀lù àti bàtà bọ́ọ̀lù. Yóò ná ọjà, yóò sanwó, ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ yóò di í fún un dáadáa. Kó tó fi ẹsẹ̀ kan jáde, yóò gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí wa o. Ẹ fún wa lówó omi."

Ìlú kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹni kan náà. Nídìí ọjà àkọ́kọ́, òǹtajà ló fún un ní nǹkan. Nídìí èkejì, òun ni wọ́n ní kó fún wọn. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà bẹ́ẹ̀, àti ibi tó ń gbé wa lọ, yẹ ní yíyẹ̀ wò.

Yorùbá kò ní orúkọ kan pàtó fún owó tí òǹrajà ń fi lé iye ọjà fún ẹni tó tà á fún un. Owó omi ni àwọn kan ń pè é. Àwọn mìíràn a ní owó ọtí tàbí owó ẹ̀kọ. Ọ̀pọ̀ kì í dárúkọ owó rárá, wọn a kàn ní "Ẹ ṣe wá lóore" tàbí "Ọwọ́ yín là ń wò." Ẹni tó bá ti gbé ìlú ńlá a ní "dáṣì", ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu àwọn oníṣòwò etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ayé òwò ẹrú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ẹ̀gúnjẹ. Ẹ̀gúnjẹ ni owó tí ẹni tó wà nípò ń gbà kó tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti ń san owó oṣù rẹ̀ fún un, Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì ka irú rẹ̀ léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní ti owó omi, ọjà ti wọ ọwọ́ ẹni tó rà á kí wọ́n tó béèrè. Bí kò bá fún wọn, kò sẹ́ni tí yóò gba bàtà bọ́ọ̀lù padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, èdè wa ní ọ̀rọ̀ méjì kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Oníbàárà ni ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ ẹni. Oníbáárà ni alágbe. Ohùn lásán ló yà wọ́n. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní àsìkò yìí yóò gbọ́ bí òǹtajà ṣe ń sọ ara rẹ̀ di oníbáárà lọ́dọ̀ oníbàárà rẹ̀, tí ojú kò sì tì í.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a mọ bí ènì ṣe ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Jara ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí nínú píjìn àti ní ọ̀pọ̀ ọjà Nàìjíríà. Àwọn Akan ní Gánà ń pè é ní ntosoɔ. Ní Gúúsù Áfíríkà, bonsella ni. Ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, lagniappe ni wọ́n ń pe ènì tí oníṣọ́ọ̀bù ń fi sí ọjà, ọ̀rọ̀ kan tó ti inú èdè Quechua ti àwọn ará Peru wá, tó gba ẹnu àwọn Sípéènì kọjá kó tó dé etí odò Mississippi. Mark Twain sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Life on the Mississippi, tó jáde ní 1883. Òkun ló wà láàárín Òtù àti New Orleans, ṣùgbọ́n ìyá elélùbọ́ Òtù ì bá mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀fẹ́ ni ènì kò tíì tajà rí. Ìyá náà ti ṣírò rẹ̀ mọ́ iye tó dá lé kóńgò láti ilé. Àwọn aláìṣòótọ́ tilẹ̀ wà tí wọ́n ń tẹ ìdí kóńgò wọlé, kí ènì tí wọ́n ń bù lé e lókè má baà tó ohun tí wọ́n ti yọ nísàlẹ̀. Fún ẹni tó bá ń ṣòwò rẹ̀ bó ti yẹ, ènì ni ó fi ń de oníbàárà mọ́lẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ lónìí, kóńgò méjì lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé bí ọdún bá ń parí, àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ń pín kàlẹ́ńdà, ìnura àti ike oúnjẹ tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lára wọn fún àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ wọn. Òǹtajà ló ń fúnni.

Wàyí o, ènì kò lè dúró níbi gbogbo. Àkọ́kọ́, ọjà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣeé bù kún: èlùbọ́, gààrí, ata, ẹ̀wà, epo. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ ní in, nítorí ọwọ́ ẹni kì í bu ohun tí kì í ṣe tẹni fún ará ìta. Ó sì gbọ́dọ̀ dá a lójú pé òun àti oníbàárà yìí yóò tún pàdé. Níbi tí àwọn nǹkan wọ̀nyí kò bá sí, ènì yóò kú wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tí yóò pohùnréré ẹkún lé e lórí.

Nídìí ohun ìgbafẹ́ ni àwọn nǹkan wọ̀nyí ti kọ́kọ́ pòórá. Ẹ wo ohun tí ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn ń rà láti fi gbafẹ́: bọ́ọ̀lù, ibọ̀sẹ̀ àti jẹ́sì, okùn gìtá àti kíbọ́ọ̀dù kékeré fún ẹni tó ń kọ́ orin nínú ìjọ, tọ́ọ̀ṣì orí fún ẹni tó fẹ́ràn ọdẹ alẹ́, ìwọ̀ àti okùn fún ẹni tó ń lọ pẹja lódò, pátákó dráàfù. Inú páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa láti Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè bu bọ́ọ̀lù kún bọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin tó ń tà wọ́n kọ́ ló ni wọ́n. Ọ̀gá rẹ̀ wà ní Ìbàdàn tàbí ní ìdí ọjà mìíràn, ó ti ka gbogbo rẹ̀ kó tó jáde, yóò sì tún un kà bó bá dé. Ẹni tó ra gìtá lónìí kò ní ra òmíràn fún ọdún márùn-ún. Kò sí ohun tí ọmọkùnrin náà lè fi ṣe ènì. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ẹnu rẹ̀, òun náà ló sì ń lò.

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ni ọjà ló ń fi ènì sí i, ẹni tí wọ́n gbà láti tajà ló ń tọrọ owó omi. Kì í ṣe pé ìwà àwọn ọ̀dọ́ dédé bàjẹ́, bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ. Òwò ló kúrò lọ́wọ́ ìyá tó ni igbá, tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ tí kò ni nǹkan kan.

A lè fi ọpọ́n ayò wò ó. Òun náà ohun ìgbafẹ́ ni, ó sì ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí bọ́ọ̀lù tó dé. Ojú ihò 12 ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n náà ló ń tà á. Bí oníbàárà bá ní kó fi ènì sí i, ó lè ju ọmọ ayò mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lé 48 náà, nítorí àwọn ọmọdé kì í pẹ́ sọ wọ́n nù. Kò ná an ní nǹkan gidi, igbó ló ti ṣa á. Bákan náà ni ẹni tó ń ṣe gángan lè fi ọ̀pá ìlù kan lé ìlù. Ohun ìgbafẹ́ kọ́ ló pa ènì, bí kò ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á.

Ẹnì kan lè wá béèrè pé, ṣé Yorùbá kì í fún ẹni tó sìn ín lówó ni? Wọ́n ń fún un gan-an. Ẹni tó bá ti rí onílù níbi ìnáwó rí kò nílò àlàyé. Àyàn ti mọ oríkì ẹni, yóò fi ìlù pè é títí orí rẹ̀ yóò fi wú, owó yóò sì máa jáde. Níwájú orí onílù ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ tẹ́lẹ̀, kí òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 tó sọ níná owó níbi àríyá di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000. Ṣùgbọ́n onílù kò ta nǹkan kan. Inú dídùn ló fúnni, inú dídùn yẹn kò sì ní iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ọrẹ tí wọ́n ta á ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin oníbọ́ọ̀lù kò lu ìlù fún ẹnikẹ́ni. Ọjà ló tà, wọ́n sì ti san owó ọjà.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ọn jù ni ti ọmọ iṣẹ́. Ní Ìsẹ́yìn, níbi tí ìró òfì ti ń dún láti òwúrọ̀ dé alẹ́, ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń rán kó gbé aṣọ òkè tẹ̀lé oníbàárà dé ìdí ọkọ̀. Ọmọ náà kò gba owó oṣù. Nínú ètò ìkọ́ṣẹ́ wa, òbí rẹ̀ ló san owó fún ọ̀gá, òun náà yóò sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá títí ọjọ́ ìgbòmìnira. Ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti ẹ̀rọ rédíò ní Ṣakí: ọmọ ọ̀dọ̀ yóò sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba owó oṣù, ìparí rẹ̀ ni ọ̀gá yóò tó fún un ní owó tí yóò fi dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Títí ọjọ́ yẹn, owó tí oníbàárà bá fi sí i lọ́wọ́ ni owó kan ṣoṣo tó lè pè ní tirẹ̀. Àwọn àgbà mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní làákàyè fi máa ń fún ọmọ iṣẹ́ ní nǹkan láìjẹ́ pé ọmọ náà la ẹnu. Ọ̀gá tó bá sì gbọ́ pé ọmọ iṣẹ́ òun ń tọrọ yóò bá a wí, nítorí ọ̀gá ni ọmọ náà ń dójú tì.

Ní àsìkò yìí, àwọn ọ̀gá kan kì í bá ọmọ wí mọ́. Wọ́n tilẹ̀ ń sọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé owó oṣù kò pọ̀, ṣùgbọ́n "àwọn oníbàárà máa ń ṣe dáadáa". Gbólóhùn yìí ló burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá ti gbé apá kan nínú ẹrù rẹ̀ lé orí ẹni tó wá rajà, láìsọ fún un.

Òfin pàápàá kò ran ọmọ náà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu buwọ́ lu òfin tó gbé owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà láti ₦30,000 sí ₦70,000. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ tirẹ̀ di ₦80,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Inú àwọn ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù tí wọ́n ṣe ní 2019 sọ kedere pé kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25, kò sì kan ẹni tó ń gba owó lórí iye ọjà tó bá tà. Ṣọ́ọ̀bù wo ní Òtù, ní Òkèhò, ní Tẹ̀dé ló gba òṣìṣẹ́ 25? Ọmọbìnrin tó ń ta jẹ́sì lè gba ₦20,000 lóṣù, ọ̀gá rẹ̀ kò sì rú òfin kankan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Bí ẹni tó ń gba ₦70,000 bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 lóṣù, owó ọjọ́ kan rẹ̀ jẹ́ bíi ₦2,700. Bí bàtà bọ́ọ̀lù kan bá jẹ́ ₦20,000, tí ẹni tó rà á bá sì fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà, ₦4,000 ni, ó ju owó iṣẹ́ ọjọ́ kan lọ. Kò sẹ́ni tí yóò san ìyẹn ní Òtù. ₦200 ni wọ́n ń tọrọ, tàbí ₦500 bí oníbàárà bá múra dáadáa. Ìwọ̀nba owó yìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rò pé ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ₦200 mẹ́wàá bá bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ lóòjọ́ ti rí ₦2,000, ìyẹn sì lè ju ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń san fún un lọ́jọ́ kan lọ ní ìlọ́po méjì.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé lọ́dọ̀ ẹni tó ra ohun ìgbafẹ́ ni wọ́n ti ń béèrè jù? Lójú òǹtajà, ẹni tó ra gààrí, ebi ló lé e wá. Ẹni tó ra gìtá, owó ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. "Owó fàájì" ni wọ́n ń pè é. Bó bá jẹ́ oṣù Ọ̀pẹ ni, tí oníbàárà sì jẹ́ ẹni tó ti òkè òkun dé, bíi Peckham tàbí Houston, wọn kò ní tọrọ owó omi lásán, owó pọ́ùn àti dọ́là ni wọn yóò máa béèrè. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra bàtà bọ́ọ̀lù ní Òkè-Ògùn jẹ́ ọ̀dọ́ tó ti fi oṣù mélòó kan tọ́jú owó kajú tàbí owó ẹ̀gẹ́ kó tó pé. Bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ ni ìsinmi kan ṣoṣo tó ní láàárín iṣẹ́ oko. Owó tó fi ra ayọ̀ díẹ̀ yẹn kì í ṣe àṣẹ́kù, ó lè jẹ́ òun ló le jù láti rí nínú gbogbo owó tó ní.

Yàtọ̀ sí ẹni tó la ẹnu tọrọ, owó omi mìíràn wà tí wọn kì í béèrè. Ṣéńjì ni. Ní 2007, Báńkì Àpapọ̀ gbé owó onírin 50 kọ́bọ̀, náírà kan àti náírà méjì jáde. Kò sẹ́ni tó ń ná an lónìí. Owó ₦5 àti ₦10 náà ń dàwátì. Bí ọjà bá jẹ́ ₦1,970, ẹni tó san ₦2,000 yóò gba súìtì dípò ṣéńjì, tàbí kí wọ́n wí fún un pẹ̀lú ẹ̀rín pé "Ẹ jẹ́ kó máa lọ." Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ fífi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù wọlé. Lábẹ́ Òfin Ìnáwó ọdún 2020, títí di ìparí ọdún 2025, báńkì ń yọ ₦50 nínú owó tó bá tó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Òǹtajà ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ₦50 tàbí ₦100 lé iye ọjà, wọ́n ní "owó tíráńsífà" ni. Ẹni tó bá ka gbogbo èyí pọ̀ yóò rí i pé òǹrajà ti ń san owó omi fún ṣọ́ọ̀bù tipẹ́tipẹ́, láìjẹ́ pé ọmọ tó ń tajà rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lè fi ibi tí ọ̀nà yìí ń lọ hàn wá. Lẹ́yìn tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pullman, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1867, gba àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira láti máa ṣe ìránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin. Owó tó kéré gan-an ni wọ́n ń san fún wọn. Ọwọ́ èrò ọkọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n máa wò. "George" ni èrò máa ń pe gbogbo wọn, orúkọ ọ̀gá wọn, bí ẹni pé wọn kò ní orúkọ tiwọn. Ní 1925 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ A. Philip Randolph, ó di 1937 kí wọ́n tó fi ipá mú ilé iṣẹ́ náà buwọ́ lu àdéhùn owó oṣù gidi. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti gbìyànjú láti fi òfin pa àṣà náà rẹ́. Washington ló ṣáájú ní 1909, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1926 fi máa parí, wọ́n ti wọ́gi lé gbogbo òfin náà.

Àṣà náà wá fìdí múlẹ̀ nínú òfin. Títí di òní, owó tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ọ̀gá san fún ẹni tó ń gba owó ọrẹ lọ́wọ́ oníbàárà jẹ́ dọ́là 2.13 fún wákàtí kan, iye tí kò yí padà láti 1991. Ti àwọn òṣìṣẹ́ tó kù jẹ́ dọ́là 7.25 láti 2009. Ìyàtọ̀ yẹn ni oníbàárà ń dí.

Àmọ́ ẹni tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù òwú ìhunṣọ, ti géèmù tàbí ti ohun orin kò sí lára àwọn tí òfin dọ́là 2.13 wà fún. Owó oṣù tirẹ̀ ni wọ́n ń san ní pípé. Ẹ̀rọ ìsanwó ló gbé àṣà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí Square bẹ̀rẹ̀ ní 2009, tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e, gbogbo ṣọ́ọ̀bù kékeré ló lè gbé ojú gíláàsì kan síwájú oníbàárà, kí ó máa béèrè bóyá yóò fi ìdá 15, 18 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Kò ná ṣọ́ọ̀bù ní nǹkan kan láti béèrè. Ọmọ tó ń tajà kò la ẹnu, ẹ̀rọ ló ń bá a tọrọ, tí àwọn tó wà lẹ́yìn lórí ìlà sì ń wo ìka oníbàárà. Ní 2023, ìwé ìròyìn Wall Street Journal ròyìn pé ẹ̀rọ tí oníbàárà fúnra rẹ̀ ń fi sanwó, níbi tí kò sí òṣìṣẹ́ kankan, náà ti ń béèrè. Ní ọdún yẹn kan náà, ilé ìwádìí Pew bi àgbàlagbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,000 léèrè. 72 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní ibi tí wọ́n ti ń retí irú owó yìí ti pọ̀ ju ti ọdún márùn-ún ṣáájú lọ. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje 2025 tún mú owó ọrẹ tó tó dọ́là 25,000 lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n ń san owó orí ìjọba àpapọ̀ lé lórí, títí di 2028, fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti máa ń gbà á tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2023 ti ń de ọ̀gá lọ́wọ́: gbogbo owó tí oníbàárà bá fi sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ọ̀gá kò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí owó orí, ó sì gbọ́dọ̀ pín in bó ṣe tọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ London wà lábẹ́ ààbò rẹ̀. Òfin yìí kò sọ pé kí oníbàárà fúnni tàbí kó má fúnni, ibi tí owó ń lọ ló tọ́ka sí.

Nàìjíríà kò ní irú òfin yẹn. Ohun tó ní ni òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tó sọ ní ẹsẹ̀ 115 pé kò sí òǹtajà tó gbọ́dọ̀ mú oníbàárà san ju iye tí wọ́n kọ sára ọjà lọ. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń lò ó: ní oṣù kejì 2024, wọ́n ti ilé ìtajà ńlá kan pa ní Àbújá nítorí pé iye tó wà lórí pẹpẹ ọjà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń gbà níbi ìsanwó. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù bá fi tipátipá gba "owó tíráńsífà" tí wọn kò kọ síbì kankan lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ yìí gbèjà ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu láti tọrọ. Òǹtajà tó ní "Ẹ rí wa" kò fipá mú ẹnikẹ́ni, ojú ló fi ń múni.

Agbára ojú yẹn kò kéré ní ìlú bí Òtù. Bí ẹni tó ń tajà bá jẹ́ ọmọ àdúgbò, tí ó mọ bàbá oníbàárà, tí ó dọ̀bálẹ̀, tí ó pè é ní ẹ̀gbọ́n, kò rọrùn kí ó fi ọwọ́ òfo jáde. Ọ̀wọ̀ tó yẹ kí àbúrò fi fún ẹ̀gbọ́n ti di ìwọ̀ tí wọ́n fi ń fa owó lápò. Nígbà tó bá yá, ẹ̀gbọ́n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀nà Móníyà sí Ìsẹ́yìn tó gùn ní kìlómítà 65 ti dára, ọkọ̀ sì ń lọ sí Ìbàdàn lójoojúmọ́. Orí fóònù náà sì wà, níbi tí ènìyàn ti lè ra bọ́ọ̀lù láìrí ojú ẹnikẹ́ni. Ọjà tí ṣọ́ọ̀bù Òtù pàdánù báyìí ju ₦200 lọ.

Àwọn tó gbèjà títọrọ ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹni tí kò bá béèrè kì í rí gbà. Wọ́n ní ọmọkùnrin tó gun àkàbà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti wá bàtà tó bá ẹsẹ̀ oníbàárà mu, tó fi ojú fi ọwọ́ wo ọ̀já rẹ̀, tó bá a tún gìtá ṣe kí ohùn rẹ̀ lè dọ́gba, ti ṣe ju títa ọjà lọ. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí kò fún un ní nǹkan kan bí ó bá ní in, ahun ni. Ṣùgbọ́n fífúnni yàtọ̀ sí títọrọ, ó tún wá yàtọ̀ sí kí ọ̀gá ti kà á mọ́ owó oṣù kí oníbàárà tó dé. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni inú rere, ẹ̀kejì ni àìní. Ẹ̀kẹta ni ìrẹ́jẹ, àwọn méjèèjì ni ó sì ń rẹ́ jẹ, ẹni tó ń tajà àti ẹni tó ń rà á.

Ìdájọ́ àgbéyẹ̀wò yìí kò ṣòro. Ìbéèrè ọmọ tó ń tajà kò burú tó owó oṣù tí kò tó jẹun. Bí ọ̀gá bá ń san ohun tó tọ́, títọrọ yóò dínkù fúnra rẹ̀, ẹni tí inú rẹ̀ bá sì dùn yóò máa fúnni gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fún onílù. Ohun tó tún yẹ ni kí àwọn aṣòfin wa pa àlàfo òṣìṣẹ́ 25 yẹn dé, nítorí nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Òkè-Ògùn ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ní Òtù, Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, ẹ kọ iye ọjà yín síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i, ẹ fi owó ìránṣẹ́ báńkì sínú rẹ̀, kí ẹ sì san owó oṣù tí ọmọ yín lè fi jẹun dé ìparí oṣù. Bí ọmọ náà bá sì tajà dáadáa, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un ní nǹkan. Ẹ tún fún un láyè láti fi ènì sí ọjà: ibọ̀sẹ̀ kan lé bàtà bọ́ọ̀lù, okùn kan lé gìtá, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fọn bọ́ọ̀lù lé bọ́ọ̀lù. Ẹni tó gba irú rẹ̀ lọ́wọ́ yín yóò rántí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín.